Irun Tí Wọ́n Fi Ra Afẹ́fẹ́

Bí ẹ bá ti wo fíìmù kan rí nípa àwọn òòṣà Gíríìkì ayé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ irú wa, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ̀ pé a wà láyé. Aṣọ funfun tí òòṣà ń wọ́ nílẹ̀ lórí àpáta, irú mi ló rán an. Irun wúrà tó ń dán lórí rẹ̀, irú ọ̀rẹ́ mi ló so ó ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Onírun ni gbogbo èèyàn ń pè é níbi iṣẹ́, èmi sì ni Ìyá Aláṣọ. Yàrá kan náà la jọ ń lò, orí tábìlì kan náà la ti jọ ń jẹun láàárín òwú àti abẹ́rẹ́, ibẹ̀ náà la sì ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó.

Yàrá náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí ògiri ilé kejì, nítorí náà iná la máa ń tàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní apá tèmi, aṣọ ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ní apá tirẹ̀, orí onígi ló tò sórí pákó, orí lẹ́yìn orí, kò sí ojú, kò sí ẹnu, a kàn lẹ orúkọ òṣèré mọ́ iwájú kọ̀ọ̀kan. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń fò sẹ́yìn. Ìyá Onírun á ní kó má bẹ̀rù, pé àwọn yẹn nìkan ni òṣìṣẹ́ tí kì í ṣàròyé nílé iṣẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, torí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní mọ ohun tó sọ nù. Á na àwọ̀n tín-ín-rín kan bo orí onígi, àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ débi pé tí o bá mí sí i, á gbọ̀n. Á wá fi ìkọ́ kékeré kan, tó rí bí abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, fa fọ́nrán irun kan gba ojú àwọ̀n kan, á so ó, á bọ́ sí ojú àwọ̀n tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa ṣe é láti ìpàkọ́ wá síwájú orí, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú ò lè ṣe é. Iṣẹ́ yìí ti tẹ ọrùn rẹ̀ kodò, ó sì ti sọ ọ́ di ẹni tó ń wo orí èèyàn kó tó wo ojú. Ó lè pàdé rẹ lójú pópó kó má dá ọ mọ̀, àmọ́ tí o bá ti kọjá, tó yíjú padà rí ìpàkọ́ rẹ, á pè ọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti jáde nílé tipẹ́. Ó ní òun ń bọ̀, kò sì tíì parọ́, torí kò dá ìgbà. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, ọmọbìnrin, èyí tó dàgbà tó wá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé. Ọmọ yìí nírun. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun náà dúdú, ó ki, ó sì ń kákò díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń wá bá wa tí iléèwé bá ti jáde, á jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá á máa yà á, á máa dì í, àwọn méjèèjì á máa bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òun náà mọ̀ pé irun òun dára, ó sì máa ń fi yangàn díẹ̀. Ta ni ò ní fi yangàn?

Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ tí àìsàn fi wọ̀ ọ́ lára. Ibì kan ló kọ́kọ́ wú sí i lábíyá. Wọ́n ní kò ní pẹ́ lọ, kò lọ. Ilé ìwòsàn wá sọ pé àwọn á fún un ní oògùn kan tó máa bá àìsàn náà jà, ṣùgbọ́n oògùn náà á kó gbogbo irun orí rẹ̀ lọ. Ìyá Onírun ò dúró de oògùn. Ó gbé ọmọ jókòó sí kíṣìnnì, ó mú èyí tó mú jù nínú àwọn sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gé irun náà mọ́ agbárí, ó dì í, ó wé e sínú aṣọ mímọ́, ó sì gbé e wá sí yàrá wa. Ó na àwọ̀n tuntun bo orí onígi kan tí kò ní orúkọ níwájú.

Ọmọ náà ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní rí òun pẹ̀lú orí pípá. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò gba àlejò, kì í yọjú sí fèrèsé, oúnjẹ rẹ̀ ń dúró sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé ìwòsàn nìkan ló ń jáde, pẹ̀lú aṣọ tó bò ó dé ojú, bí olè tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Ìyẹn gan-an kì í ṣe ìjáde lójú ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń ya àwòrán ránṣẹ́ sí i, gbogbo àwòrán náà ló nírun dé ilẹ̀. Oníṣègùn ti sọ pé tí iléèwé bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi, tí ara rẹ̀ bá gbà á, ó lè padà síwájú wọn fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Ìyá rẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣèlérí fún un.

"Ìwọ àti irun rẹ lẹ jọ máa jáde nílé yìí," ó ní. "Kí iléèwé tó wọlé, màá gbé e lé ọ lórí."

Ọmọ ní òun gbọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo àyè tí Ìyá Onírun bá rí láàárín iṣẹ́, orí onígi tí kò lórúkọ yẹn ló ń fún. Mo máa ń wò ó tó bá tẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, àfìgbà tí mo súnmọ́ ọn tí mo gbọ́ pé ó ń bá irun náà ṣàwàdà.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni fíìmù ọba kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, tó fẹ́ kó ọkọ̀ ojú omi lọ jagun, tí afẹ́fẹ́ kọ̀ tí kò fẹ́. Wọ́n ní òòṣà kan ló ń bá a bínú, pé àfi kó fi ọmọbìnrin rẹ̀ rúbọ kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Ọba ránṣẹ́ pe ọmọ, ó purọ́ fún un pé òun fẹ́ fún un lọ́kọ, ọmọ sì wọṣọ ìyàwó wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa á. Ìtàn burúkú gbáà ni. Ó ti pẹ́ láyé, wọn ò sì yé fi ṣe fíìmù.

Àríyànjiyàn ò tán lórí ẹ̀. Ní tèmi, wọ́n ní funfun ni kí gbogbo èèyàn wọ̀: ọba funfun, ẹrú funfun, ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin náà funfun. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹrẹ̀ ò sí nílùú yẹn ni. Olùdarí ní bí òun bá fi àwọ̀ mìíràn sí i, àwọn òǹwòran á rò pé àwọn ṣìnà wọ gbọ̀ngàn ẹlòmíì. Mo rán funfun. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé kò sí ará àtijọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Bí ọba bá fẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun, á ní, "Kíyè sí i, òùngbẹ ń gbẹ ẹni tí í ṣe olúwa yín." Èmi a máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ tí mo ń rán. Ní ti irun, wúrà ni wọ́n fẹ́ fún gbogbo wọn láti òkè délẹ̀, torí irun wúrà ni wọ́n ti ń rí lórí irú wọn nínú fíìmù látọjọ́ pípẹ́. Ìyá Onírun bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi là á sí méjì: òòṣà á ní irun wúrà, ọmọ èèyàn á ní irun dúdú, kí òǹwòran lè mọ ẹni tó lè kú.

Nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ni kí irun ọmọ ọba ṣe rí, kò ronú jìnnà. Ìgbà yẹn, ọmọ tirẹ̀ ò tíì ṣàìsàn. Ó ya irun ọmọ náà sórí pépà, bó ṣe kákò àti bó ṣe dé ìbàdí, gbogbo wọn sì gbà á. Irun èèyàn tí wọ́n rà fún iṣẹ́ náà ò pọ̀ tó, wọ́n ní kó fi irun rọ́bà lú u kó lè ki. Ó lú u, ó sì dára. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ ọba dé e, wọ́n sì ti fi ya púpọ̀ nínú fíìmù náà. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí kámẹ́rà bá ti rí, ó ti rí i. Bí ọmọ ọba bá wọnú àgọ́ pẹ̀lú irun tó dé ìbàdí, kò lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú irun tó dé èjìká, kódà bó jẹ́ pé oṣù ti gorí oṣù láàárín ìgbà tí a ya ìwọlé rẹ̀ àti ìgbà tí a ya ìjáde.

Irun èèyàn, tí a bá fọ̀ ọ́ tán, a lè gbé e sínú àpótí gbígbóná kó gbẹ. Irun rọ́bà, a kì í gbé e súnmọ́ iná. Ẹni tó wọ iṣẹ́ yìí lánàá mọ ìyẹn. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n lọ ya ibi tí wọ́n ti pa ọmọ ọba létí òkun, Ìyá Onírun ń fọ irun gbogbo wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Fóònù rẹ̀ dún. Ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí àwọn yẹ̀ wò kò dára tó, kó mú ọmọ náà wá. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń kó irun wọnú àpótí, ó kó ti ọmọ ọba mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló lu rọ́bà mọ́ irun yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé. Nígbà tí òórùn gba inú yàrá tí mo sáré ṣí àpótí, ohun tí mo fà yọ rí bí èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Ó jókòó, kò sunkún. Wọ́n ti gba etí òkun fún ọjọ́ kan péré, ọkọ̀ ojú omi ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ti kún ilé àlejò bí eéṣú. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọlé, ó wo ohun tó wà lórí tábìlì, ó wo Ìyá Onírun, ó wá wo orí onígi tí kò lórúkọ, níbi tí irun tó jọ ti ọmọ ọba bí ìbejì wà, tó ṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí. Kò pariwo. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ni ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọba ò bá nírun lọ́la, ẹnì kan á lọ sílé, kò sì ní padà wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú ọmọ náà láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá lọ, oògùn náà lọ nìyẹn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ó tún lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Òun ló sọ fún mi bó ṣe rí. Ọmọ béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa létí òkun ọ̀hún. Ìyá ní ó ń fẹ́. Ọmọ ní kí wọ́n mú un lọ nígbà náà, kí irun òun kúkú rí afẹ́fẹ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ le, àmọ́ kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Ìyá ní bó ṣe wà gan-an ni. Kò sùn, ó so èyí tó kù. Nígbà tó ń gbé e lé òṣèré lórí lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún olùdarí lójú gbogbo wa pé kò gbọdọ̀ sí àwọ̀, kò gbọdọ̀ sí iná, kò gbọdọ̀ sí irin tó máa kàn án. Olùdarí ní kó fọkàn balẹ̀, pé nínú ìwé eré náà, kámẹ́rà á ti yíjú sí òkun kí ọ̀bẹ tó balẹ̀.

Ìtàn ní afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ò ka ìtàn, ó ń ká aṣọ funfun mi sókè lára ọmọ ogun, èmi sì ń sá kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ tí ẹ bá rí irun náà. Ó ń fò, ó ń kákò, ó ń balẹ̀ sẹ́yìn ọmọbìnrin yẹn bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá Onírun mú fóònù rẹ̀ jáde láti ya á fún ọmọ, wọ́n ní kò sáyè fóònù níbẹ̀, ó dá a padà sápò.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún ọmọ ọba ni, "Kíyè sí i, bàbá, ọrùn mi nìyí, kí àwọn òòṣà kí ó yọ̀ sí i." Òṣèré náà sọ ọ́ títí, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń kéde ọkọ̀ ojú irin. Olùdarí gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó gbàgbé ẹ̀, kó sọ ohun tó máa sọ fún bàbá tó bí i lọ́mọ. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà wo ojú ọba.

"Bàbá mi," ó ní, "ṣé kò sí nǹkan míì tí ẹ lè fún wọn ni?"

Òṣèré tó ń ṣe ọba yìí, àgbà ni, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ti gba ọ̀wọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ó ti gbọ́ níbì kan pé àwọn ará àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ gé lára irun ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi rúbọ. Ọ̀bẹ gidi ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọ̀bẹ ayédèrú ò dán tó lójú oòrùn. Ó kó irun náà pọ̀ sọ́wọ́ kan ní ìpàkọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣìkẹ́ ọmọ, ó sì gé e.

Mo gbọ́ ìró rẹ̀, torí irun tó ki tó bẹ́ẹ̀ máa ń dún lábẹ́ ọ̀bẹ. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa tó ju gbogbo òfin lọ: bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, o ò gbọdọ̀ fọhùn, ilé ìbáà máa jó. A ti pa á mọ́ títí ó fi wọ eegun wa. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀bẹ ń gé lọ. Ti ìyẹn, mi ò bá a wí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo bínú sí. Omijé wà lójú olùdarí. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí irú rẹ̀ rí, ó sì fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe láti apá kejì kí oòrùn tó lọ. Ó wá di ọwọ́ Ìyá Onírun méjèèjì mú. Ó ní òun mọ àdéhùn tí àwọn jọ ṣe, òun ò gbàgbé, àmọ́ ṣé wọn ò ti gé e ná? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ń retí pé kó bú u, kó ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dànù, kó ṣí irun náà kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ó wo irun náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yọ òòyà lápò. Ó lọ bá òṣèré, ó ya èyí tó kù láti ọ̀tún wá sí òsì, ó fi bo ibi tí wọ́n ti gé, ó tún un ṣe títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fi bò, ó fà sẹ́yìn. Ó ṣe é dáadáa, bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ọba tún gé e.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó kúnlẹ̀ ó ń ṣa á nínú iyanrìn, gbogbo fọ́nrán tó lè rí, ó dì í sínú ìborí rẹ̀. Nínú mọ́tò, mo bi í pé èwo nìyẹn.

"Wọ́n ti gé e ná," ó ní. "Ṣé kí n tún wá pàdánù iṣẹ́ lé e?"

Inú ń bí mi, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní kí n bá òun délé, mo bá a dé ibẹ̀. Ọmọ náà ti gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, nítorí pé irun rẹ̀ ló ń retí, mo sì rí orí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí kékeré ni, ó rẹwà, ó dà bí orí ọmọ tuntun. Ìyá rẹ̀ tú ìborí. Ọmọ náà mú ìdì kan nínú èyí tí wọ́n gé, ó fẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé kò sí irun míì tí ẹ lè fún wọn ni?"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí òṣèré sọ létí òkun fún un. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé òun á tún un so, kò ní pẹ́, á ṣì dé èjìká, èjìká náà dára, ó máa bá a mu. Ọmọ fetí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tajà fún un, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Onírun bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tú u kúrò lójú àwọ̀n, ó fọ̀ ọ́, iyanrìn ṣì ń jáde nínú rẹ̀, ó tún ń so ó padà. Iléèwé wọlé, ọmọ náà ò lọ. Kì í ṣe irun nìkan ló dá a dúró. Ara rẹ̀ gan-an ti kọ̀, oògùn ń lé àìsàn, àìsàn ń lé oògùn, àwọn méjèèjì sì ń sáré lórí ọmọ kan ṣoṣo. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ò gbà. Ó ní ká ní irun náà wà ni, ì bá ti jáde, ì bá ti rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní kò mọ ìyẹn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n.

Ìkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí fóònù tún dún. Mo rí i tó fetí sí i, tó sọ pé òun ti gbọ́, tó so fọ́nrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí kó tó dìde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ọmọ náà, ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó jókòó ti orí òkú pẹ̀lú orí onígi láàárín itan rẹ̀, ó so èyí tó kù níwájú, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Ó wá gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó yà á, ó dì í díẹ̀ lápá kan. Ó dé èjìká, ó sì bá a mu lóòótọ́. Bí òun àti irun rẹ̀ ṣe jọ jáde nílé nìyẹn.

Mo rò pé ó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ó ń wá, ó ń tẹ̀ mọ́ orí onígi, ó sì ń béèrè ìgbà tí fíìmù náà máa jáde. Ní tèmi, mo ti búra pé ojú mi ò ní rí i. Òun ló bẹ̀ mí. Ó ní ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí irun náà ti ṣì dé ìbàdí, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, òun sì fẹ́ rí i kí ọ̀bẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kódà bí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní gbogbo ibi tó ṣáájú etí òkun, irun tí wọ́n rà ni, èyí tó yọ́ sínú àpótí. Mi ò lè kọ̀ fún un.

Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ wá wò ó. A jókòó sí àárín. Àwọn òòṣà jáde pẹ̀lú irun wúrà wọn, àwọn ọmọ èèyàn jáde pẹ̀lú irun dúdú wọn, ọba ń sọ "Kíyè sí i" títí ó fi sú mi. Ọmọ ọba dé pẹ̀lú aṣọ ìyàwó tí mo rán. Ìyá Onírun di ọwọ́ mi mú. Ọba jókòó sínú àgọ́, ó dorí kodò. Ọmọ ogun kan wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ náà ti lọ, olúwa mi," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ti dé."

Ọba fi ọwọ́ bojú. Ọkọ̀ ojú omi gbéra, àwọn ọmọ ogun pariwo, orin ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń jẹ nǹkan lẹ́yìn wa, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Ọ̀rẹ́ mi fẹnu sí mi létí, ó béèrè bóyá iwájú ló wà. Mo ní bóyá. Ogun jà, ìlú jóná, ọba ṣẹ́gun, iná gbọ̀ngàn tàn. Ó ṣì di ọwọ́ mi mú.

"Wọn ò lò ó," ó ní.

Ẹni tó gé fíìmù náà tó sì so ó pọ̀ wá kí wa, ọmọlúwàbí èèyàn ni. Ìyá Onírun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé. Ó ní ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun ò purọ́, àwọn sì kọ́kọ́ fi sí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pe àwọn kan wá wò ó kó tó jáde, ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Láti ibi ọ̀bẹ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó bìkítà mọ́ bóyá ọba ṣẹ́gun tàbí ó kú. Wọ́n ní lẹ́yìn tí òbí bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, àwọn ò lè forí jì í mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ọ́, tí wọ́n ní kí ọmọ ogun kàn fẹnu sọ ọ́. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú.

Ìyá Onírun fetí sí i dé òpin, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde, a sì jáde.